Òfin Dáìsì àti Ìtumọ̀ “Pípa” nínú Lúdò: Àpẹẹrẹ láti Warri

ÌFÁÁRÀ

Lúdò wà lára àwọn eré orí pátákó tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Nàìjíríà. Láti ara pachisi, eré ilẹ̀ India, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fa lúdò yọ ní ọdún 1896. Ní Warri, níbi tí àwọn Ìṣẹ́kírì, Urhobo àti Ijaw ti jọ ń gbé, èdè Pidgin ni ọ̀pọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nídìí eré náà. Ẹnu ni a fi ń gba òfin rẹ̀, kì í ṣe inú ìwé. Nítorí náà, bí ẹni méjì bá ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ́ ọ, àríyànjiyàn kì í pẹ́ bẹ́ sílẹ̀, pàápàá nígbà tí sídì kan bá “pa” èkejì. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ là yé ni èyí tí dáìsì ń pinnu àti èyí tí ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ń ta á.

DÁÌSÌ ṢÁÁJÚ, YÍYÀN TẸ̀ LÉ E

Ilé kọ̀ọ̀kan ní sídì 4, dáìsì 2 ni a sì sábà ń jù. Dáìsì gbọ́dọ̀ mú 6 wá kí sídì tó lè jáde. Bí sídì kan bá dúró gẹ́lẹ́ sí ojú ibi tí sídì ọ̀tá wà, ó pa á nìyẹn. Èyí tí a pa yóò padà sílé láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òfin yìí yàtọ̀ sí ti àwọn eré ogun tí a ń fi ère kékeré ṣe lórí tábìlì. Nínú Frostgrave, tí ó jáde ní 2015, bí jagunjagun méjì bá kojú ara wọn, oníkálùkù yóò ju dáìsì olójú 20, yóò sì ro agbára ìjà tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. A ó wá yọ agbára ìhámọ́ra ẹni tí ó pàdánù kúrò nínú iye náà kí a tó mọ bí ọgbẹ́ ti tó. Níbẹ̀, a ti yan ìjà kí dáìsì tó sọ̀rọ̀. Nínú lúdò, dáìsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni a yan sídì tí yóò rìn.

ÌṢIRÒ EWU

Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀. Ká ní sídì ọ̀tá kan ṣoṣo ń bọ̀ lẹ́yìn, tí a kò sì ka àfikún jíjù tí 6-6 ń mú wá. Bí àlàfo bá jẹ́ ìṣísẹ̀ 6, ọ̀nà 11 ni ó kéré tán dáìsì kan fi lè mú 6 wá. Ọ̀nà 5 mìíràn tún wà tí àpapọ̀ méjèèjì fi jẹ́ 6: 1-5, 5-1, 2-4, 4-2 àti 3-3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16.

Bí àlàfo bá di 7, dáìsì kan kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Àpapọ̀ nìkan ló kù, ọ̀nà 6 péré. Bí ó bá di 12, ọ̀nà 1 ni. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, láti 6 sí 7, dín ewu kù láti 16 sí 6 nínú 36. Ohun tí àwọn kan ń pè ní oríire ọ̀jẹ̀ ayò sábà jẹ́ ìṣirò.

“LÈ” ÀTI “GBỌ́DỌ̀”

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì yìí:

(1) Bí ó bá ju 5, ó lè pa á.
(2) Bí ó bá ju 5, ó gbọ́dọ̀ pa á.

Awẹ́ gbólóhùn oníbí ni ó ṣáájú nínú méjèèjì: ohun tí dáìsì pinnu nìyẹn. Nínú (1), “lè” fi yíyàn sílẹ̀ fún ẹni tí ń ta á; nínú (2), “gbọ́dọ̀” gba yíyàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fi ẹnu kọ́ni tí a sì gbé ọ̀kan rọ́pò èkejì, eré ọ̀tọ̀ ni a kọ́ni. Ọ̀ràn sídì tí ó pa òmíràn náà tún wà nílẹ̀: ní ibòmíràn, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni a ń gbé e kúrò lórí pátákó bí ẹni tí ó ti parí ìrìn; ní ibòmíràn, ó gbọ́dọ̀ rin ìyókù.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Kí a tó ju dáìsì àkọ́kọ́, ó yẹ kí a fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta: ṣé pípa jẹ́ dandan, níbo ni apani yóò lọ, kí sì ni 6-6 ń fúnni? Fún olùkọ́ èdè, lúdò jẹ́ irinṣẹ́ tí kò wọ́n láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlò “bí … bá”, “lè” àti “gbọ́dọ̀”, nítorí àṣìlò wọn yóò hàn lójú pátákó lójú ẹsẹ̀.