Ìwàásù inú ọgbà ẹṣin: Kí ni àwọn oníwàásù Amẹ́ríkà rí lára ẹṣin tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìgbàgbọ́ Kristi?

Kò sí àga ìwàásù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pẹpẹ. Ohun tó wà níwájú àwọn èrò tó jókòó ni ọgbà onírin róbótó kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 18, ilẹ̀ oníyanrìn, àti ẹṣin kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn rí. Ọkùnrin kan tó dé àkẹtẹ̀ wọlé tọ̀ ọ́, okùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré lẹ́bàá ẹnu rẹ̀. Ẹṣin náà ta kìjí, ó sì bú sí eré.

Kí ó tó tó wákàtí kan, ẹṣin yìí kan náà yóò ti rìn wá fúnra rẹ̀, yóò fi imú kan ọkùnrin náà léjìká, yóò sì dúró jẹ́ẹ́ kí ó di gàárì mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà náà ni ọkùnrin náà yóò kọjú sí èrò, tí yóò bi wọ́n léèrè pé ta ni nínú wọn ló ti ń sá fún Ọlọ́run bí ẹṣin yìí ṣe sá fún òun.

Irú ìwàásù báyìí ti wọ́pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù Amẹ́ríkà, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Texas àti Oklahoma tí ẹran ọ̀sìn pọ̀ sí. Ó máa ń wọ àwọn tó ń wò ó lákínyẹmí ara. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹranko ti gbé jáde, tí kò sì yẹ kí onígbàgbọ́ fojú fò: ṣé ìfẹ́ ló mú ẹṣin náà wá, àbí àárẹ̀?

Ìjọ àwọn kọ́bọ́ì

Àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin tí gbogbo ayé mọ̀ sí kọ́bọ́ì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ìjọ àárín ìlú. Ẹran ọ̀sìn kò mọ ọjọ́ Ìsinmi. Màlúù tó ń rọbí kò ní dúró de ìparí ìsìn, òpin ọ̀sẹ̀ sì ni ìdíje ródéò, níbi tí wọ́n ti ń gun ẹṣin líle àti akọ màlúù, sábà máa ń wáyé. Ẹni tó bá sì ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù lábẹ́ bàtà, ojú máa ń tì í láti jókòó ti ẹni tó wọ kóòtù. Nítorí náà ni àwọn oníwàásù kan ṣe gbé ìsìn tọ̀ wọ́n lọ sí pápá ródéò. Ní ọdún 2000, ìjọ kan tó ń jẹ́ Cowboy Church of Ellis County bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Waxahachie, ní gúúsù Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn sì ti fi í ṣe àwòkọ́ṣe.

Nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í sábà gbé igbá ọrẹ káàkiri. Bàtà kọ́bọ́ì kan tàbí garawa ni wọ́n máa ń gbé sẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan sí i. Inú ọpọ́n irin ńlá tí ẹran ti ń mu omi ni wọ́n sì sábà máa ń ri ẹni tó bá gba Kristi bọmi. Ọmọ Yorùbá tó bá ń lọ láti Dallas sí àgọ́ ìjọ Redeemed tó wà ní Floyd, ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn báyìí kí ó má mọ̀ pé ilé Ọlọ́run ni, nítorí pé bí abà ẹran ló ṣe máa ń rí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà náà?

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìwàásù náà ní láti kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí ẹṣin jẹ́. Ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni. Bó tilẹ̀ wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 500, kò gbójú lé ìjà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ààbò rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, tó fi jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀ láì yí ọrùn, àyàfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an àti ọ̀gangan iwájú orí rẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì ń yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Nínú agbo ló ń gbé, ọkàn ẹṣin tó bá dá wà kì í balẹ̀.

Wọ́n ṣe ọgbà náà ní róbótó kí ó má baà ní igun tí ẹṣin lè kì orí bọ̀. Ọkùnrin náà dúró láàrin. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń ju okùn sápá ẹ̀yìn rẹ̀, ẹṣin ń sá yípo. Bí ó bá fẹ́ kí ó yí padà, yóò gba iwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, etí ẹṣin tó wà lápá inú yóò kọjú sí ọkùnrin náà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ yóò wálẹ̀. Yóò máa lá ètè, yóò máa mi àgbọ̀n bí ẹni tó ń jẹun. Lójú kan náà, ọkùnrin náà yóò gbé ojú kúrò lára rẹ̀, yóò dẹ èjìká, yóò sì kọ ẹ̀yìn sí i. Gbogbo èrò á pa rọ́rọ́. Ẹṣin náà á dúró díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀.

Monty Roberts, ará California, ni ẹni tó sọ ọ̀nà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì pè é wá sí Windsor ní ọdún 1989 kí ó wá fi ṣe àfihàn. Roberts kì í ṣe oníwàásù. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí ìdí láti na ẹṣin kí ènìyàn tó lè gùn ún. Àwọn Kristẹni ló gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú rẹ̀, èdè wọn pàápàá sì ràn wọ́n lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún títu ẹṣin lójú kan náà ni wọ́n ń lò fún fífọ́ ìkòkò. Láyé àtijọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ kò lábùlà. Wọ́n á so ẹṣin mọ́lẹ̀, wọ́n á sì gùn ún tipátipá títí yóò fi gbà. Láti ibẹ̀ dé Sáàmù 51, níbi tí Dáfídì ti sọ̀rọ̀ nípa ọkàn tó fọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹbọ, kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ.

Ádámù ni ẹṣin tó ń sá, tó ń wá igi tí yóò fi ara pamọ́ sí. Ọlọ́run ni ẹni tó dúró láàrin tí kò bínú, tí kò sì rẹ̀. Sáàmù 32 kìlọ̀ pé kí ènìyàn má dà bí ẹṣin àti ìbaaka tí wọn kò lè darí láì fi ìjánu bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Oníwàásù á wá fi ọwọ́ júwe ẹṣin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sí ìjánu kankan lẹ́nu rẹ̀, á ní ẹ wò ó, ẹṣin ti ṣe ohun tí Sáàmù náà ń bẹ ènìyàn pé kí ó ṣe. Ibi tó dára jù lọ nínú ìwàásù náà nìyí.

Ibì kan sì wà tí àwọn kan nínú wọn ti máa ń sọ àsọdùn. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, praus, tí Bíbélì Yorùbá pè ní ọlọ́kàn tútù nínú Mátíù orí 5, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ẹṣin ogun tó ti gba ẹ̀kọ́ ni. Òótọ́ ni pé Xenophon, ará Áténì tó kọ ìwé lórí ẹṣin gígùn ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, lo irú ọ̀rọ̀ náà fún ẹṣin. Ṣùgbọ́n àwọn Gíríìkì ń lò ó fún ènìyàn àti fún ẹranko mìíràn pẹ̀lú. Sáàmù 37 ni ọ̀rọ̀ Jésù ti wá, kì í ṣe ibùdó ogun. Ohun tí Xenophon sọ tí ì bá wúlò fún wọn jù ni èyí tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà: pé ohun tí a bá fi ipá mú ẹṣin ṣe, kì í lóye rẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń fi pàṣán na oníjó kí ó lè jó dáadáa.

Ọlá ẹni tó gùn ún

Nínú Bíbélì, ẹṣin kì í sábà jẹ́ àpẹẹrẹ ìtẹríba. Agbára ogun ni. Diutarónómì orí 17 kìlọ̀ fún ọba Ísírẹ́lì pé kí ó má ṣe kó ẹṣin jọ, Sáàmù 20 sì ya àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹṣin sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé Olúwa. Ọba tí Sekaráyà rí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gùn wọ Jerúsálẹ́mù. Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin wà lára ohun tó sọ Ọ̀yọ́ di ilẹ̀ ọba ńlá, láti òkè ọya ni wọ́n sì ti ń ra ẹṣin, nítorí pé àrùn tí eṣinṣin ń gbé ràn án kì í jẹ́ kí ó pẹ́ nínú igbó kìjikìji. Ẹni tó bá gun ẹṣin, ọlá ló gùn. Títí di òní, nígbà ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, orí ẹṣin ni àwọn ìdílé Balógun ti máa ń yọ sí agbo, kò sì sí ẹni tó ń ronú nípa ohun tó wà lọ́kàn ẹṣin. Ẹni tó gùn ún ni gbogbo ojú ń wò. Ohun tí àwọn oníwàásù Amẹ́ríkà yìí ṣe ni pé wọ́n yí ojú èrò kúrò lára ẹni tó gun ẹṣin sí ẹṣin fúnra rẹ̀.

Mọ́tò ìṣeré tí ẹṣin rìn lọ bá

Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà dán nǹkan kan wò. Wọ́n mú ènìyàn kúrò láàrin ọgbà, wọ́n fi mọ́tò ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí rọ́pò rẹ̀. Mọ́tò náà ń lé ẹṣin. Bí ẹṣin bá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, mọ́tò á dẹ́kun lílé e. Báyìí ni àwọn ẹṣin náà ṣe kọ́ láti kọjú sí mọ́tò náà, kí wọ́n sì rìn lọ bá a, bí wọ́n ṣe ń rìn lọ bá ènìyàn.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹṣin fẹ́ràn mọ́tò, tàbí pé mọ́tò náà gbọ́ èdè ẹṣin. Ìnira ni ẹṣin ń sá fún, ó sì ti rí i pé ọ̀dọ̀ ohun tó ń ni ín lára gan-an ni ìnira ti ń dẹ́kun. Ètè lílá tí oníwàásù ń pè ní àmì ìrònúpìwàdà pàápàá, àwọn onímọ̀ kan ní ẹnu tí ìbẹ̀rù ti mú gbẹ ló ń rí omi padà.

Àwọn oníwàásù lè dáhùn pé òwe ni àwọn ń pa, àwọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Wọ́n lè fi kún un pé ọ̀nà wọn sàn ju ti àwọn tó ń so ẹṣin mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gùn ún, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Ṣùgbọ́n òwe yìí ní ẹni tó dúró bí Ọlọ́run nínú rẹ̀, ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì ni. Òun ló mú okùn dání, òun ló ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà, òun náà ló tún ń túmọ̀ ohun tí ẹṣin ń rò fún èrò. Ẹni tó bá ti gbé rí lábẹ́ aṣáájú ìjọ tí kì í gba ìbéèrè, ìbáà jẹ́ ní Èkó tàbí ní Texas, yóò dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ mọ̀: ibi tí wọ́n ti ń pe àárẹ̀ ní ìgbọràn.

Ọmọ kan, ẹṣin kan

Ọ̀nà mìíràn wà tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́bàá ìlú Bend, ní ìpínlẹ̀ Oregon, Kim Meeder àti Troy ọkọ rẹ̀ dá Crystal Peaks Youth Ranch sílẹ̀ ní ọdún 1995, lórí ilẹ̀ kan tí àwọn awakùsà ti wà tán tí wọ́n sì fi sílẹ̀. Ẹṣin tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, tàbí tí olówó rẹ̀ ti lù ní ìlùkulù, ni wọ́n ń gbà sọ́dọ̀. Àwọn ọmọ tí ayé ti fojú wọn rí màbo ni wọ́n sì ń mú wá bá àwọn ẹṣin náà. Ètò wọn kò ju ọmọ kan, ẹṣin kan àti àgbàlagbà kan lọ, wọn kì í sì gba owó. Meeder fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé nígbà tí òun pàdánù bàbá àti ìyá òun ní kékeré, ọrùn ẹṣin ni òun rí dì mọ́.

Nínú ètò yìí, kò sí ẹni tó ń dúró bí Ọlọ́run. Ẹṣin ní àpá, ọmọ ní àpá, àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ náà lè ní tirẹ̀. Kì í ṣe pé ẹṣin jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ń sá, ẹni tí ìyà jẹ rí bíi ti ọmọ náà ni. Bíbélì ní ìtàn tó sún mọ́ èyí ju ti Ádámù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wà nínú rẹ̀: nínú Númérì orí 22, Báláámù lu kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé ó kọ̀ láti máa lọ, ẹranko náà sì ti rí áńgẹ́lì tí wòlíì kò rí. Ẹni tó mú pàṣán dání ni kò lóye.

Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà kan ẹṣin gígùn. Ọmọ á fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku lára ẹṣin, á ha ẹrẹ̀ kúrò ní abẹ́ pátákò rẹ̀, á gbé omi wá fún un. Ẹṣin tí wọ́n ti lù rí kì í jẹ́ kí ènìyàn yára fọwọ́ kan orí òun. Bí èjìká ọmọ bá le, á sún sẹ́yìn; bí ọmọ bá fi ìbínú fa okùn, á gbé ọrùn sókè. Àgbàlagbà tó dúró tì wọ́n lè má sọ ohunkóhun. Ọmọ náà á mí kanlẹ̀, á dẹ ọwọ́, á sì dúró. Nígbà mìíràn, ẹṣin á padà sún mọ́ ọn. Nígbà mìíràn, kò ní wá lọ́jọ́ yẹn rárá, ọmọ náà á sì lọ sílé, á tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.