Irin Àtijọ́ ní Kamina

Bí a bá kúrò ní ìlú Atakpamé, kò jìnnà kí a tó dé Kamina. Níbẹ̀ ni a ti lè rí ẹ̀rọ irin ńláńlá tí ó ti dípẹtà nínú koríko. Ta ni ó kó wọn wá? Èé ṣe tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀?

Nígbà tí àwọn Jámánì ń ṣe ìjọba Togo, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì sí Kamina. Wáyálẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láìlo okùn. Ọkọ̀ ojú omi kó ẹ̀rọ náà wá láti Jámánì, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e láti Lomé wá sí Atakpamé. Àwọn bàbá ńlá wa ṣe làálàá níbẹ̀. Òpó irin rẹ̀ ga ju igi ìrókò lọ. Láti Kamina, ọ̀rọ̀ ń dé Nauen, nítòsí Berlin.

Ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé wọ Togo láti gba Kamina. Nígbà tí àwọn Jámánì rí i pé agbára àwọn kò ká a mọ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n wó òpó, tí wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ, ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá.

Bí a tilẹ̀ tún ẹ̀rọ náà ṣe, kò ní pẹ́ di àlòpatì. Ìgbì gígùn ni ó ń lò, èyí tí ó ń fẹ́ òpó gíga àti iná púpọ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, àwọn onímọ̀ rí i pé ìgbì kúkúrú lè rìn jìnnà pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré. Irin ti àtijọ́ kò bá ẹ̀rọ tuntun mu. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́.

Báyìí ni ti ohun ogun gbogbo. Bí wọ́n bá yí ẹ̀rọ padà, wọ́n a tọ́jú díẹ̀ nínú irin ti àtijọ́, wọ́n a yọ́ òmíràn, ìyókù a sì jẹrà.

Irin ọkọ̀ àlòkù dára fún alágbẹ̀dẹ láti fi rọ ọkọ́ àti àdá. Ṣùgbọ́n irin Kamina kì í ṣe fún títà. Owó rẹ̀ yóò tán kíá. Kí ni a ó wá fi han àwọn ọmọ wa?

Ìbéèrè
1. Ta ni ó fọ́ ẹ̀rọ Kamina?
2. Kí ni ó sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di àlòpatì?
3. Irin àtijọ́ wo ni ó wà ní àdúgbò yín? Kí ni ẹ ń fi ṣe?