Ìkòkò Jóná? Ẹ Má Tíì Jù Ú Nù!

Bí àlejò bá lọ tán, ìkòkò ló kù nílẹ̀. Àwọn ọmọ á ti ha èépá jọ̀lọ́ọ̀fù tó ṣeé jẹ, á wá ku dúdú tí kò gbọ́ ti ọṣẹ. Àwọn kan a ní kí a jù ú nù, ṣebí òmíràn wà lọ́jà. Ìkòkò tí Màmá gbé wá láti ilé ńkọ́, níbo la ti fẹ́ rí irú rẹ̀ rà?

Kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìkòkò tó jẹ́. Bó bá jẹ́ stainless, irin dídán tí kì í dógùn-ún, ẹ bu omi bo ojú ibi tó jóná, ẹ fi ṣíbí baking soda méjì sí i, kó hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Bó bá tutù, ẹ fi ṣíbí onígi ha á. Iṣẹ́ tí eérú ń ṣe fún àwọn ìyá wa nìyẹn, ó ń bá ọ̀rá jà. Omi eérú náà kúkú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú.

Ṣùgbọ́n ìkòkò Màmá tó fúyẹ́ lọ́wọ́ yẹn, alumíníọ́mù ni. Ẹ má se baking soda nínú rẹ̀ o, dúdú ló máa sọ ọ́ dà. Ohun kíkan ló ń fẹ́. Ẹ gé ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi, tàbí kí ẹ da fínígà díẹ̀ sí i (ọtí kíkan inú Bíbélì nìyẹn), kó hó, kí ẹ wá fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Á tún padà máa dán.

Ti nonstick, ẹ má fi irin kàn án rárá. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ, kí ẹ ní sùúrù.

Ẹ̀yin ọmọ wa, a mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn bí baking soda àti fínígà ṣe ń hó yaya tí a bá pò wọ́n pọ̀. Ó dùn-ún wò, àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń pa agbára ara wọn. Èyí tí kì í ṣe eré ni bleach, tí a ń pè ní Jíìkì nílé. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́ fínígà tàbí ọsàn láéláé! Èéfín olóró ló ń yọ, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀, ẹ jáde síta kíá, kí àgbà pe Georgia Poison Center ní 1-800-222-1222, tọ̀sán-tòru. Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè mí dáadáa, 911 ni o.

Ìkòkò ọbẹ̀ tó kún fún epo ńkọ́? Ẹ dákun, ẹ má dà á sínú síǹkì. Ní 1998 àti 1999, àdéhùn kóòtù mú kí ìlú Atlanta máa tún páìpù omi ìdọ̀tí rẹ̀ ṣe, nítorí ẹ̀gbin tó ń ṣàn wọnú odò Chattahoochee. Ọ̀rá tó dì wà lára ohun tó ń dí irú páìpù bẹ́ẹ̀, ti inú ilé yín ló sì máa ń kọ́kọ́ dí. Ẹ da epo náà sínú agolo, kó dì, kí ẹ jù ú sí ààtàn. Ẹ fi bébà nu ìyókù kúrò kí omi tó kan ìkòkò.