Oríkì Tàbí Ìkéde Ìsáǹsá? Àwòrán Mẹ́wàá ti Glenn Ligon

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni àwòrán mẹ́wàá tí Glenn Ligon, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1993. Runaways ni ó pè wọ́n. Ní èdè tiwa, Ìsáǹsá. Ọ̀nà títẹ̀ tí a ń pè ní lithography ni ó lò, èyí tí ó dúró lórí pé omi àti ọ̀rá kì í pò pọ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó fi ṣe àwòkọ́ṣe. Kí òfin tó fi òpin sí ìmúnilẹ́rú ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1865, bí ẹrú bá sá, olówó rẹ̀ a gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn. A sọ bí ẹni náà ti ga tó, aṣọ tí ó wọ̀, iṣẹ́ tí ó mọ̀, àpá ara rẹ̀, àti iye owó tí ẹni tí ó bá mú un yóò gbà. Àwọn atẹ̀wé a sì fi àwòrán kékeré kan sí i. Àwòrán kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹni púpọ̀. Kò jọ ẹnikẹ́ni, ẹrú nìkan ni ó ń fi hàn.

Ligon ní kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe òun. Ohun tí wọ́n kọ nípa irun, aṣọ àti ìṣesí rẹ̀ ni ó tẹ̀ ní àwọ̀ ìkéde ìgbàanì, pẹ̀lú irú àwòrán kékeré bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ti bọ́ sínú ètò yẹn, ó di ọ̀rọ̀ àwọn tí ń dọdẹ ènìyàn.

Kí ni èyí kọ́ wa? Àwa Yorùbá náà a máa ka àbùdá ènìyàn, ṣùgbọ́n nínú oríkì, láti fi gbé e ga ni. Ilà ojú a sì máa sọ ilé tí ènìyàn ti wá. Nínú ìkéde ìsáǹsá, ilà tí a kọ fún ọmọ ní ilẹ̀ Áfíríkà di àmì tí a fi ń wá a kiri. Ojú kan náà ni, ilà kan náà ni; ète ẹni tí ń wò ó ni ó yàtọ̀. Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Èmi a fi kún un pé kí a wo ẹni tí ó di ìjánu náà mú.

Lónìí, àwọn òpìtàn ń ka irú ìkéde wọ̀nyí láti mọ̀ nípa àwọn tí kò sí àkọsílẹ̀ púpọ̀ mìíràn nípa wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ligon ń rán wa létí pé ọwọ́ tí ó kọ wọ́n, ọwọ́ tí ó fẹ́ mú ènìyàn padà sínú ẹ̀wọ̀n ni.