Pẹ́pẹ́yẹ Agbolé ní Lẹ́kí àti Àjáh: Bí Abo Ṣe Ń Yan Akọ

Ẹni tí ó bá mọ pẹ́pẹ́yẹ nínú ìwé ilẹ̀ Yúróòpù nìkan yóò gbà pé akọ àti abo ẹyẹ yìí a máa yan ara wọn, wọn a sì jọ máa rìn ní méjìméjì títí àkókò ẹyin yóò fi dé. Òótọ́ ni èyí nípa irú tí orí akọ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n irú tí ó wọ́pọ̀ ní agbolé Àjáh, Langbasa àti Badore, láàrin ọ̀sà àti òkun, yàtọ̀ sí i. Cairina moschata ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín àti ní gúúsù, ni orísun rẹ̀, kí àwọn atukọ̀ Yúróòpù tó gbé e kọjá òkun. Akọ àti abo rẹ̀ kì í so pọ̀ bíi tọkọtaya. Olùkọ́ tí ó bá fi í ṣe àpẹẹrẹ ìsopọ̀ takọtabo, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń sìn ín nílé lè já a nírọ́.

Akọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó abo méjì, ẹran pupa sì yọ sí i lójú. Bí ó bá fẹ́ abo, yóò gbé ìyẹ́ orí rẹ̀ dìde, yóò máa mi ìrù, yóò sì máa mí bí ejò tí inú ń bí. Àwọn akọ a máa fi èékánná àti apá bá ara wọn jà. Èyí tí ó bá borí ni yóò máa gun abo tí ó bá sún mọ́ ọn, kò sì tún ní ìpín kankan nínú ẹyin lẹ́yìn èyí. Abo nìkan ni yóò wá ibi ìtẹ́, òun ni yóò sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 35 (ọjọ́ 21 ni ti adìyẹ), òun náà ni yóò sì kó ọmọ jẹ̀.

Ṣé abo kò wá ní àṣàyàn ni? Ní ọdún 2007, Patricia Brennan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ẹyẹ omi 16 wé ara wọn. Ẹ̀yà ìbálòpọ̀ akọ lọ́ bí ìtàkùn tí ó lọ́ mọ́ igi. Ojú ara abo sì lọ́ sí òdìkejì, ó tún ní àwọn kọ̀rọ̀ tí kò já síbì kan. Níbi tí akọ bá ti ń fi ipá gun abo jù, ibẹ̀ ni ojú ara abo ti díjú jù. Nínú iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní ìparí ọdún 2009, irú pẹ́pẹ́yẹ agbolé yìí gan-an ni wọ́n lò. Nínú ọ̀pá gíláàsì tí ó lọ́ bíi ti abo, ẹ̀yà akọ kò lè nà dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí lè ti olùkọ́ lójú nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n òun ló fi hàn pé abo tí wọ́n fi ipá gùn ṣì ní ohun tí ó fi ń dáàbò bo ẹyin rẹ̀.

Nínú àbàtà gbangba, abo lè fò tàbí kí ó mòòkùn sá lọ. Nínú ọgbà tí wọ́n ti fi yanrìn kún, tí kò sí omi ju ti inú abọ́ lọ, ibo ni yóò sá sí? Bí akọ mẹ́ta bá wà pẹ̀lú abo mẹ́ta, ìyẹ́ ọrùn abo yóò já, orí rẹ̀ yóò sì gbọgbẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́sìn fi ń fi akọ kan sáàárín abo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ètò yìí dára fún ara abo, ṣùgbọ́n ó gba àṣàyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Tí akọ náà bá sì pẹ́ níbẹ̀, ọmọ tí ó bí ni yóò máa gùn. Ó sàn kí aládùúgbò méjì máa pààrọ̀ akọ lọ́dọọdún.

Àṣàyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní ọdún 2004, Bluhm àti Gowaty gbé ìwádìí kan jáde lórí irú olórí àwọ̀ ewé: ọmọ abo tí ó rí akọ tí ó wù ú fẹ́ máa ń yè ju ti abo tí wọ́n fún ní èyí tí kò wù ú. Kò yẹ kí ènìyàn gbé àbájáde yìí lé pẹ́pẹ́yẹ agbolé lórí láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ìwà àwọn méjèèjì kò dọ́gba.

Olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ ìsopọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè lo ìbátan rẹ̀ olójú funfun, Dendrocygna viduata, tí ó wà nínú àbàtà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Akọ àti abo rẹ̀ jọra, wọ́n ń tún ìyẹ́ ara wọn ṣe, akọ sì ń bá abo sàba. Ọgbà ìdáàbòbò tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní Lẹ́kí ní ọdún 1990, tí ó jẹ́ hẹ́kítà 78, ṣì ní àbàtà tí wọn kò fi yanrìn kún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ibẹ̀, irúkírú ẹyẹ omi tí wọ́n bá rí, kí wọ́n kọ́kọ́ wò bóyá akọ àti abo jọra ní ìwọ̀n àti àwọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣọ́ ẹni tí ó ń kó ọmọ jẹ̀.