Pápá Tí Ẹsẹ̀ Ẹ Ò Tẹ̀ Rí: Kí Ni Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù Máa Ṣe Níbẹ̀?

Ọmọ àdúgbò wa kan ní Ajegunle pè mí. Kádì ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn tó máa ń gbé báàgì tẹ̀lé ẹni tó ń gbá gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n ní báyìí òun náà ti ń gbá a dáadáa. Kò sí pápá gọ́ọ̀fù ní Ajegunle. Ó máa ń la àárín àwọn tírélà Apapa kọjá, gba Ìjọra, gun afárá Èkó, kó tó dé Ìkòyí. Wọ́n wá gbà á sí ìdíje kan ní Jos. Àwọn tó lówó á ti débẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú láti fi pápá náà dánra wò. Owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn alẹ́ kan péré ló wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí físíìsì lẹ ń kà. Kí ni mo máa bá níbẹ̀?"

Èmi ò gbá gọ́ọ̀fù rí o. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí mo rí i pé ọmọ Ajegunle ti mọ ìdajì ìdáhùn náà kó tó bèèrè.

Ẹ wo ẹni tó kọ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lórí iyanrìn àdúgbò wa. Tó bá sọdá Boundary lọ gbá a lórí koríko ní apá Apapa, gbogbo páàsì ẹ̀ á kọ́kọ́ máa gùn jù. Iyanrìn gbígbẹ máa ń gbé agbára bọ́ọ̀lù mì: àwọn hóró ẹ̀ á yẹ̀, wọ́n á máa fi ara ha ara wọn, agbára tó yẹ kó ta bọ́ọ̀lù padà sókè á ti parí síbẹ̀. Jẹ́ kí òjò rọ̀ díẹ̀, iyanrìn kan náà á le. Omi tín-ín-rín tó wà láàárín hóró kan sí èkejì ló ń fà wọ́n mọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti rìn létí òkun níbi tó tutù ju ibi tó gbẹ lọ. (Irú pápá báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní Maracana, ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré kó tó dé Watford àti Manchester United.)

Gọ́ọ̀fù náà ní tiẹ̀. Ibi tí ihò máa ń wà, tí wọ́n gé koríko ẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ni wọ́n ń pè ní gíríìnì. Ṣùgbọ́n koríko bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ omi àti owó, nítorí náà ọ̀pọ̀ pápá nílẹ̀ wa ló ti lo bíráùn dípò ẹ̀: iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ òróró, tí wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Òróró yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí omi òjò ń ṣe ní Ajegunle, àmọ́ òun kì í tètè gbẹ. Lórí bíráùn, wọ́n á fi igi gbálẹ̀ láti ibi bọ́ọ̀lù dé ihò kí ẹni tó kàn tó ti bọ́ọ̀lù ẹ̀, torí ojú ẹsẹ̀ ò ní jẹ́ kó lọ tààrà. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn bèèrè nípa pápá tí kò mọ̀ nìyẹn: ṣé gíríìnì ni àbí bíráùn?

Jos ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan. Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba, ṣùgbọ́n Jos fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga jù ú lọ. Bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, bọ́ọ̀lù tó ń fò ò sì ní rí ohun tó máa dá a dúró tó bẹ́ẹ̀. Ní gíga yẹn, ẹ ka ìdá 5 nínú 100 mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ mítà 150 ní Ìkòyí lè lọ tó 157. Mítà 7 yẹn tó láti gbé e kọjá gíríìnì bọ́ sínú igbó.

Afẹ́fẹ́ kan náà ló tún ń gbé bọ́ọ̀lù sókè. Tí ọ̀pá bá gbá a, bọ́ọ̀lù á máa yí sẹ́yìn bó ṣe ń lọ síwájú, á máa ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á sì ti òun sókè. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ìtì yẹn dín kù. Bọ́ọ̀lù á wọlẹ̀ ní dagẹ̀rẹ̀, á sì yí lọ síwájú sí i. Èyí tó máa ń tẹ̀ sápá ọ̀tún ní Èkó ò ní tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní kó má tètè yọ̀ pé ọwọ́ òun ti là.

Àmọ́ òtútù wà. Láàárọ̀ ọyẹ́ ní Jos, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ki ju ti ọ̀sán lọ, rọ́bà inú bọ́ọ̀lù pàápàá kì í ta dáadáa tó bá tutù. Èrè orí òkè yẹn á dín kù láàárọ̀, á padà wá tí oòrùn bá mú. Ihò kìíní àti ihò kejìdínlógún lè dà bí pápá méjì. Àti pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ Èkó wúwo torí ọ̀rinrin, irọ́ ni o! Mólékù omi wúwo 18, ti náítírójìn 28, ti ọ́síjìn 32. Bí omi bá ṣe ń gba àyè àwọn méjèèjì nínú afẹ́fẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ yẹn kéré.

Ibi tó ṣòro jù ni títi bọ́ọ̀lù sí ihò. Fífẹ̀ ihò ò ju mìlímítà 108 lọ. Tí ẹ bá ti bọ́ọ̀lù ní ìlọ́po méjì eré, kì í ṣe ìlọ́po méjì ló máa fi jìnnà, ìlọ́po mẹ́rin ni. Nítorí náà àṣìṣe kékeré lọ́wọ́ á di ńlá nílẹ̀, pàápàá níbi tí koríko ò ti di bọ́ọ̀lù mú. Ní 1935, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Edward Stimpson, ṣe ohun èlò kan láti wọn èyí: ọ̀pá oníkòtò, tí wọ́n á gbé orí ẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí bọ́ọ̀lù á fi yí sílẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n á wá wọn ibi tó yí dé. Ẹni tí kò ní i lè lo ẹsẹ̀. Mo ní kó fi ọwọ́ kan náà ti bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ní gíríìnì Ìkòyí, kó ka ìṣísẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá dé Jos, kó tún un ṣe ní gíríìnì ìdánrawò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ nọ́ńbà méjèèjì ló máa fi ṣiṣẹ́.

Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni mo sọ o, torí òfin fi ààlà sí i lẹ́yìn ìyẹn. Èèyàn ò gbọdọ̀ yí bọ́ọ̀lù lórí gíríìnì tó fẹ́ gbá láti fi dán an wò. Tí bọ́ọ̀lù bá kó sínú bọ́ńkà, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tàbí ọ̀pá yẹ iyanrìn wò. Ṣùgbọ́n ó lè ri ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dúró dáadáa, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì sọ fún un bóyá iyanrìn jìn àbí ó le. Nígbà tí mo dé ibí yìí, ó ní, "Ìyẹn ò ní wàhálà, mo ti mọ iyanrìn." Ojú náà ṣeé lò: koríko gíríìnì tó bá ń dán lójú ẹ, ó sùn lọ síwájú, bọ́ọ̀lù á yára. Tó bá ṣú, ó kọjú sí ẹ, bọ́ọ̀lù á falẹ̀. Ó sì lè bi kádì ẹ̀ ní ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọdọ̀ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń díje. Òun tó ti ṣe kádì rí mọ iye ohun tí kádì mọ̀ tí wọn kì í bi í.

Ó lọ, ó bọ̀. Ní ihò kẹta ó gbàgbé, ó gbá a bíi ti Èkó, bọ́ọ̀lù fò kọjá gíríìnì pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń yọ ìdá 5 kúrò. Kò gba ife, àmọ́ wọ́n ti pè é sí òmíràn ní Kánò. Ó ti béèrè gíga ibẹ̀ lọ́wọ́ mi (kò tó mítà 500), ó sì ti ń wá nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa sọ fún un bóyá bíráùn ló wà níbẹ̀.