Gééjì Táyà Kì Í Ṣe Páàtì Mọ́tò Lójú Kọ́sítọ́ọ̀mù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan àwọn tó ń ta ohun èlò mọ́tò jù lọ, pàápàá àwọn tó ń da owó pọ̀ láti ra ọjà wá láti Ṣáínà àti Dùbáì. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ta aṣọ tàbí ìkòkò náà dúró gbọ́ ọ o, nítorí ìwé kan náà ni àwọn aṣọ́bodè fi ń wo ọjà gbogbo wa.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Àwọn mẹ́rin nínú wa da owó pọ̀, wọ́n yá díẹ̀ kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọ́n ra ọjà àwọn fọganáísà: gééjì tí a fi ń wo bí atẹ́gùn inú táyà ṣe tó, pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀, pọ́ńpù kékeré tó ń lo iná mọ́tò, àti fáàfù táyà. Ẹni tó tà á fún wọn kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ínfọ́ìsì ní orúkọ kan ṣoṣo: sípíà páàtì mọ́tò. Ejẹ́ǹtì gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú páálí wò ní wọ́ọ̀fù, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò bá ìwé mu. Wọ́n dá ọjà dúró, wọ́n ní kí wọ́n lọ tún ìwé ṣe. Kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, dìmọ́réèjì ń gun orí ara rẹ̀ lójoojúmọ́, èlé owó ẹgbẹ́ náà kò sì sùn.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ohunkóhun tí a bá ń lò fún mọ́tò, páàtì mọ́tò ni. Lójú ẹni tó ń tà á ní Ládípọ̀, òótọ́ ni, ìsọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù kò béèrè ìsọ̀ tí a ti ń tà á. Ohun tó ń béèrè ni pé, kí ni nǹkan yìí ń ṣe?

Ìwé náà kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ìlú Brussels ni wọ́n ti ṣe àdéhùn rẹ̀ lọ́dún 1983, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988. Nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ọjà kan ń jẹ́, bákan náà ni fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń lo ìwé náà, Ṣáínà pẹ̀lú. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fi mẹ́rin kún un, ó di mẹ́wàá. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń lo owó ibodè kan náà, ìpele márùn-ún ló ní: 0, 5, 10, 20 àti 35 lórí ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà tí ọjà yín bá jẹ́ ló máa sọ ìpele tí ẹ wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ọjà àwọn èèyàn wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Gééjì kì í fẹ́ táyà, kì í sì í gbé mọ́tò rìn. Wíwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà orí 90 ló wà, níbi tí awò ojú àti ohun èlò dókítà wà, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 9026.20. Èyí tó ní ojú bí aago, èyí tó dà bíi bírò, èyí tó ń kọ nọ́ńbà bíi kálíkúlétọ̀, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń lọ. Pọ́ńpù tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tàbí tí a ń fi ọwọ́ fà, 8414.20 ni. Èyí tó ń lo iná mọ́tò, tí a ń ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ ibi tí wọ́n fi ń tan sìgá, kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ rárá, 8414.80 ni tirẹ̀. Fáàfù wá ńkọ́? Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n òun àti ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n jọ wà ní 84.81, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń ṣílẹ̀kùn tó sì ń tì í. Táyà tuntun wà ní 40.11, túúbù wà ní 40.13.

Páàtì mọ́tò gan-an, 87.08 ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé náà, wọ́n sọ ọ́ láìfi bò pé ọjà orí 90, àti irú ẹ̀rọ bíi pọ́ńpù, àti fáàfù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà wọ́n mọ́ páàtì ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ejẹ́ǹtì tó bá ní irọ́ ni, ẹ ní kó ṣí ibẹ̀ kà.

Pọ́ńpù tó ní gééjì lára ńkọ́? Fífẹ́ táyà ni olórí iṣẹ́ rẹ̀, gééjì kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni, pọ́ńpù ni yóò máa jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó gééjì ọgọ́rùn-ún àti pọ́ńpù àádọ́ta sínú páálí kan, ọjà méjì nìyẹn, ìlà méjì ni kí ẹ kọ.

Èyí tó le díẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé inú táyà, tó ń tan iná sí awakọ̀ lójú nígbà tí atẹ́gùn bá lọ sílẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò kéékèèké tuntun, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lára tòkúnbọ̀, tí àwọn oníbàárà sì ń béèrè rẹ̀ nígbà tí bátìrì rẹ̀ bá kú. Ó ń wọn atẹ́gùn, ó sì tún ń fi ìròyìn ránṣẹ́ bíi rédíò. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù méjì lè wò ó ní ọ̀nà méjì. Ẹ má méfò lórí irú rẹ̀. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ti ọdún 2023, tó rọ́pò ti 1958, fún oníṣòwò láyè láti kọ̀wé béèrè nọ́ńbà ọjà rẹ̀ kí ọjà tó dé.

Ẹni tó bá rò pé nọ́ńbà lásán ni, kó bá wa ṣírò. Ká ní ọjà kan tó mílíọ̀nù méjì náírà nígbà tó gúnlẹ̀. Bó bá wà ní ìpele 5, owó ibodè rẹ̀ jẹ́ ₦100,000. Bí wọ́n bá tì í sí ìpele 20, ó di ₦400,000, VAT àti àwọn àfikún yòókù yóò sì gun orí èyí náà. Kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni orúkọ tí kò tọ́ máa ń dín owó kù. Nígbà mìíràn, oníṣòwò á san ju bó ti yẹ lọ, kò sì sí ẹni tó máa pè é padà pé kó wá gba ṣéńjì.

Báńkì ni nǹkan yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí nọ́ńbà náà ń wọ inú Fọ́ọ̀mù M kí ọjà tó kúrò lọ́hùn-ún. Nítorí náà ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ ra ọjà òkèèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ìwé ọjà náà wá kó tó sanwó fún ẹni tó ń tà á. Ìlà kan fún ọjà kan: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, iye rẹ̀, owó rẹ̀, àti nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹni tó ń tà á fi ń kó o jáde nílẹ̀ tirẹ̀. A óò fi wé ìwé owó ibodè níwájú yín. Àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ni kí ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì, ẹ̀dà méjì, ẹ jọ̀wọ́.